Omi Tútù Ni Ti Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Gègé ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ó ní ohun tó bá wà lọ́kàn mi. Ebi ló wà lọ́kàn mi.

Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀wé, n kò lè yẹ ọwọ́ ẹ̀ wò. Ohun tó bá wù ú ni kó kọ.

Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọbìnrin mi ló bí i. Gègé kọ́ lorúkọ ẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí láti kékeré ni yíǹkì ti ń bá a jẹun. Tíṣà ni. Oyún inú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, àkọ́kọ́ sì ni. Ọkọ ẹ̀ wà lórí òkun, inú ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó di oṣù Karùn-ún kó tó dé. Dókítà ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó yé rìn kiri. Bó ṣe gba bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn, tí èmi wá ń sùn lórí àga bí àlejò tí ilẹ̀ ṣú mọ́.

Ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ. Àmọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ kì í ka ìwé àwọn baba tó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Sítọ́ìkì ló pè wọ́n, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ṣe ẹrú, ọ̀kan jọba, ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ wọn, kí ìbẹ̀rù má baà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bí nǹkan dé, wọn kì í sunkún. Mo ní, àwọn Bàbá Olójú-Gbígbẹ. Mo ní, ta ló ń bá wọn fọṣọ? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Torí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe gbà láti bá a ṣe ẹ̀kọ́ àárọ̀ wọn yìí. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

A ṣe é láàárọ̀ yìí. A jókòó, a dákẹ́, a ń mí. Orúnkún mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà Gègé ní kí a pín ohun tó wà lọ́kàn wa sí méjì: èyí tó wà lọ́wọ́ wa àti èyí tí kò sí lọ́wọ́ wa. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni, kí èèyàn ṣe é. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹni, kí èèyàn jù ú sílẹ̀.

Mo ní, ṣé ìyẹn náà ni wọ́n torí ẹ̀ kọ odidi ìwé? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é ní lọ́ńdìrì ilé ìwòsàn. Apẹ̀rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, èmi ni màá dúró tì í tí màá máa ṣà á. Aṣọ tó kàn dọ̀tí, ọ̀tọ̀. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, ọ̀tọ̀. Ti ẹlẹ́jẹ̀, omi tútù ni. Bí o bá fi omi gbígbóná pàdé ẹ̀jẹ̀, yóò jinná mọ́ ara aṣọ, ó di títí láé nìyẹn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo lé kúrò nídìí ọpọ́n torí omi gbígbóná.

Gègé ní kí n tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Ó ní àwọn Bàbá ìbá gbà mí síṣẹ́. Mo ní àwọn ni ì bá wá tọrọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.


Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Akoto wá. Nọ́ọ̀sì tó ń gun alùpùpù bọ̀ ní Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni, kì í ṣí akoto lórí àfi tó bá fẹ́ jókòó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ Gègé. Ó ní ó ga díẹ̀, kò tíì tó ohun à ń jáyà sí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, ó sì pẹ́ kó tó kún padà.

Ó mú káàdì jáde, ó ń kà á sókè. Ìyá aboyún: ó ti kú. Ohun tó pa á: ibà. Gègé ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Akoto yíjú sí mi. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ibà náà ni? Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ kò ru nígbà oyún?

Mo ní ibà ni.

Ó ní ẹ ṣeun, mà. Ó dé akoto ẹ̀, ó lọ.

Gègé ń bi mí báyìí pé kí ló dé tí mo fi sáré ti ìlẹ̀kùn. Mo ní alùpùpù yẹn ń pariwo jù.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìjà. Àwọn Bàbá tún ní òmíràn: láàárọ̀, kí o sọ ibi tó lè dé bá ọ, kó má baà ká ọ mọ́ lójijì. Kí o pè é lórúkọ. Kí o wò ó lójú.

Mo ní ká má rí i! Mo ní a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wọlé. Mo ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gègé ní, Ìyá Àgbà, ẹ̀rù tí a kò bá pè lórúkọ, ṣe ló ń dàgbà sí i. Mo ní kì í ṣe òun nìkan ló ń dàgbà, wo ikùn ẹ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun á kọ́kọ́ sọ tòun. Mo fi ìka di etí, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Ó ní òun ń bẹ̀rù pé òun lè kú síbi ìbímọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán.

Mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé, mo di okùn ìsáṣọ mú. Kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀. Mo ṣáà dì í mú.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó kàn mí. Mo ní mo ń bẹ̀rù pé ẹ̀wà á jóná. Gègé ní irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ̀wà jóná lóòótọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n. Gègé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín bímọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ pé ẹnu mi lè jó ẹ̀wà —

Má kọ ìyókù.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ti ìrọ̀lẹ́ rọrùn ju ti àárọ̀ lọ, mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí ni mo ṣe tí kò dáa lónìí? Kí ni mo ṣe tó dáa? Kí ló yẹ kí n ṣe tí n kò ṣe?

Ti àkọ́kọ́: mo jágbe mọ́ ìyá oníbúrẹ́dì. Búrẹ́dì àná ló tà fún mi. N kò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì: mo fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ Gègé, mo gbé e lé ìrọ̀rí. Bàtà ẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́, sálúbàtà mi ló ń wọ̀. Ó ní òun ti ń di arúgbó. Mo ní ojú ń kán ọ.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta: Gègé dúró dè mí, gègé ẹ̀ wà lórí ìwé. Mo ní oorun ń kùn mí.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ohun kan wà tí n kò sọ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti wá rí lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ọ̀nà ilé wa, n kò sì fẹ́ pè é.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Akoto wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gòkè ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí orí bá ń fọ́ ọ, tàbí tí ojú rẹ bá ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan, pè mí, má dúró de Ọjọ́rú.

Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò tètè dé akoto ẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ gbàgbé nípa ìyá ọmọ yìí? Mo ní arúgbó ni mí, ohun tí mo gbàgbé kò lóǹkà. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ iṣẹ́ tó bá ní òun ti ṣan aṣọ nígbà tí ọṣẹ ṣì ń yọ lára ẹ̀.

Gègé kò gbọ́ èyí nígbà náà. Ó ń gbọ́ ọ báyìí. Ó ń wò mí. Máa kọ̀wé ẹ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N kò lè jẹun. Gègé jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má dáwọ́ dúró.

Láàárọ̀ yìí o ní orí ń fọ́ ọ. O ní ìwé tí o kà pẹ́ ni. O wá bi mí pé kí ló ń kọ mànà lára ògiri. Kò sí ohun tó ń kọ mànà lára ògiri.

Ibà kọ́ ló pa ìyá rẹ. O kò tíì máa rákò nígbà náà, bí mo ṣe máa ń sọ fún ọ. O kò tíì lo wákàtí kan láyé.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú bí tìrẹ ṣe wú yìí. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní iná ń tàn lójú òun. Èmi ni mo ní kó lọ sùn. Mo ní aboyún wo ni orí kì í fọ́? Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sókè ní ilé ìwòsàn wa, èmi wà nísàlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti fún un ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ilé, onílà búlúù, ọwọ́ mi ni mo fi rán etí ẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, apẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo fa aṣọ kan yọ. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ mi.

N kò mọ̀wé kà ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ kà. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, ìsàlẹ̀ ló ń wà. Ti aṣọ yìí wà lápá orí pẹ̀lú. Gìrì ló gbé e, ó gé ahọ́n ara ẹ̀ jẹ. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Mo fọ̀ ọ́. Mo ti ń fún un kí wọ́n tó wá pè mí.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ọ, ó ní ọmọ tó pa ìyá ẹ̀ nìyí. Mo tì í jáde. Lọ́jọ́ yẹn ni mo pinnu pé ibà ni, pé o ti ń rákò. Mo sọ ọ́ fún ọ, mo sọ ọ́ fún gbogbo ayé, títí ó fi dùn bí òótọ́ létí èmi alára. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí kì í tiẹ̀ ṣe tara mi, tara rẹ ni mò ń dákẹ́ sí. Àwọn Bàbá rẹ ní kí n ṣà á. Ó dáa, mo ti ṣà á. Bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ á ru tàbí kò ní í ru, kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ló wà lọ́wọ́ mi.

O ti dáwọ́ dúró. Kọ ọ́.

Ó tó, má kọ ọ́ mọ́. Gbé fóònù. Pe Akoto. Sọ fún un pé mo purọ́.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fóònù Gègé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi ibi tí màá tẹ̀ kó lè gba ohùn mi sílẹ̀ hàn mí, ó pupa.

Akoto dé kí omi orí iná tó hó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sọ iye tó jẹ́, ó kàn pe ọkọ̀. Ilé ìwòsàn wa àtijọ́ náà ni wọ́n gbé wa wá. Wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ ewé, àmọ́ òórùn ibẹ̀ kò yí padà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní í jẹ́ kí gìrì wá. Dókítà ní kí n tún gbogbo ẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀, ojú, orí, ẹsẹ̀. Ó fa ìlà gbọọrọ sórí ibà nínú káàdì. Kò bá mi wí. Akoto náà kò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Gègé kọjú sí ògiri. Gbólóhùn kan ló bá mi sọ, inú ọkọ̀ ló sì ti sọ ọ́: Ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ ibà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò bá mi sọ̀rọ̀.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Orí bẹ́ńṣì ni mo ti ṣe tàárọ̀ yìí, èmi nìkan. Mo jókòó, mo dákẹ́, mo ń mí. Mo wá sọ ibi náà, mo pè é lórúkọ, n kò fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní Gègé lè kú. Mo ní ọmọ inú ẹ̀ lè kú. Mo ní ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi ni.

Ògiri kò wó. Àmọ́ ẹ̀rù náà kò lọ. Níbi tí àwọn Bàbá ti ń sọ bí ẹni pé yóò lọ, irọ́ ni. Ó kàn yé sá kiri inú ilé, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ bi mí pé, Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Mo ní àwọn bàbá kan ni. Ó ní wọ́n dà? Mo ní wọ́n ti kú. Ó yára gbálẹ̀ lọ síwájú.

Dókítà wá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ́ràn. Láàárọ̀ ọ̀la wọ́n á fi abẹ gbé ọmọ jáde, kò ní í dúró pé oṣù. Mo ní ṣé ó máa yè? Ó ní ta ni nínú wọn, Màmá?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ó yíjú sí mi. Ó ní, aṣọ onílà búlúù yẹn dà? Mo ní ó wà nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí o ń sùn lé. Ó ní, ńṣe ni mo ń sùn lé e lórí látọjọ́ yìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlẹ̀kùn padé.

Àwọn tó kù jókòó síwájú, níbi tí wọ́n ní kí èèyàn jókòó sí. Èmi kò jókòó. Mo mọ ilé yìí. Mo gba ẹ̀yìn, mo lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí aṣọ ń gbà jáde. Òun nìkan ni wọ́n gbé wọ yàrá abẹ yẹn láàárọ̀ yìí, mo ti bi Akoto.

Mo dúró. Ẹsẹ̀ mi kú. Mo gbìyànjú láti ṣà á, n kò rí nǹkan kan tó wà lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ń wo ọwọ́ mi, òfo ni.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ aṣọ jáde. Mo dúró lójú ọ̀nà ẹ̀. Ó ní, Màmá, ẹ yà, ẹlẹ́jẹ̀ ni. Mo ní, ọmọ mi, mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́.

Mo fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì yọ. Ẹ̀jẹ̀ wà láàárín, ó pọ̀, bí ti abẹ ṣe máa ń rí. Mo wá òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn, torí apá ẹsẹ̀ ni òǹtẹ̀ máa ń wà. Mo rí i. Mo yí aṣọ padà. Ẹ̀rù bà mí láti wo apá orí, mo di ojú, mo là á.

Funfun ni. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Funfun.

Mo ká a padà fún un. Mo ní, omi tútù o. Ó ní, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ báyìí, Màmá. Mo ní, sọ fún ẹ̀rọ.

Dókítà ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wá mi kiri, ó ti ń la ẹnu. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ní mo ti kà á.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin

Gègé ló ń kọ. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò fọwọ́ kan ìwé yìí. Lánàá ó jókòó ti fóònù, ó gbọ́ ohùn mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó kọ gbogbo ẹ̀ jáde. Níbi òǹtẹ̀, ó dá a dúró, ó tún un gbọ́.

Obìnrin ni ọmọ náà. Kò gùn ju láti ṣóńṣó ìka mi dé ìgúnpá lọ. Èékánná ni mo ń pè é. Inú àpótí gbígbóná ni wọ́n fi í sí tẹ́lẹ̀, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n jẹ́ ká gbé e wálé. Ó ń mí bí ọmọ ẹyẹ. Mo ń ka èémí ẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó fa òmíràn, ọkàn mi á dúró dè é. Ẹ̀rù tuntun ni, kò bá ti tẹ́lẹ̀ tan.

Lọ́jọ́ tí a dé, Gègé fa àpótí jáde, ó tẹ́ aṣọ onílà búlúù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ojú ẹ̀jẹ̀ títí, kò rí i. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní apá ibo ni orí? Mo fi hàn án. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó pẹ́.

A ṣe é láàárọ̀ yìí. Ó ní, Ìyá Àgbà, ẹ sọ tiyín, ẹ má sọ ẹ̀wà o. Mo ní mo ń bẹ̀rù pé o kò ní í dárí jì mí.

Ó kọ ọ́. Ó ní apẹ̀rẹ̀ wo nìyẹn? Mo ní èyí tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ó kọ ìyẹn náà.

Èékánná bú sẹ́kún. Gègé gbé e lé mi lọ́wọ́, torí kò lè gbé e kó tún máa kọ̀wé.